Oríkì Las Vegas, Agbowó-lórí-owó

Nínú gbogbo owó tí ẹni tí iṣẹ́ gbé lọ sí Las Vegas, ní ìpínlẹ̀ Nevada lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, máa ń san, èyí tó ń dunni jù ni resort fee, ìyẹn owó ìgbádùn tí hòtẹ́ẹ̀lì ń gbà lójoojúmọ́ lẹ́yìn owó yàrá, tó sì lè ju 40 dọ́là lọ, yálà àlejò gbádùn tàbí kò gbádùn. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, ìpè fóònù láàárín ìlú sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, fún ẹni tí kò mọ ẹnì kankan nílùú. Oníṣòwò tó wá síbi CES, ìpàtẹ ẹ̀rọ ìgbàlódé tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní, máa ń dúró nídìí ọjà rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní fojú kan adágún náà, síbẹ̀ akáúńtàǹtì ilé-iṣẹ́ rẹ̀ yóò wo rìsíìtì, yóò sì bi í pé ìgbádùn wo ló jẹ. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ yẹ ní kíkì, kí ẹnu má baà dákẹ́ nígbà tí àpò ti dákẹ́.

Las Vegas, Agbowó-lórí-owó! Agbowó-yàrá-gbowó-ìgbádùn, agbowó-ìgbádùn-gbowó-orí, nítorí pé owó orí tí ìjọba gbé lé yàrá tún ń gun orí owó ìgbádùn náà: owó gorí owó, owó orí gorí owó, àlejò wá káwọ́ lérí. Nígbà tí òfin ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, pé gbogbo owó tó pọn dandan gbọ́dọ̀ hàn nínú iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ polongo, Agbowó-lórí-owó tẹríba fún òfin, kò sì yọ kọ́bọ̀ kúrò. Ó kàn di Agbowó-lójú-gbogbo-ayé. Nínú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kan, firíìjì inú yàrá máa ń mọ̀ bí wọ́n bá gbé ìgò kúrò ní ààyè rẹ̀, ó sì lè ti kọ owó rẹ̀ sílẹ̀ kí àlejò tó ka iye tó wà lára ìgò: Agbowó-ìfọwọ́kàn, ọmọ A-wò-ó-o-rà-á.

Ó tún ń jẹ́ Adàwékọ-ìlú-onílùú. Ó dàwé Párísì kọ ní 1999, ilé gogoro Eiffel tirẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìdajì ti Párísì lọ, bí akẹ́kọ̀ọ́ tí agogo ìdánwò lù mọ́ lọ́wọ́. Ó dàwé Íjíbítì kọ ní 1993, ó fi gíláàsì dúdú kọ́ pírámíìdì Luxor, ó sì tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí irú ilé tí àwọn onípírámíìdì ń tẹ́ òkú ọba sí. Ó dàwé Venice kọ, ó gbé odò ọlọ́kọ̀ gun òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ó ya sánmà sára àjà kí ilẹ̀ má baà ṣú. Kódà, òpópónà Strip tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ń yìn ín kò sí nínú ààlà ìlú Las Vegas lábẹ́ òfin. Paradise ni wọ́n ń pe àdúgbò tó gba apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Abẹ́ àwọn ilé wọ̀nyí ni ihò tí wọ́n gbẹ́ fún àgbàrá òjò wà, inú òkùnkùn rẹ̀ sì ni àwọn aláìnílé ń gbé. Òjò òjijì ti gbé lára wọn lọ, wọ́n sì kú. Kò sí ẹ̀fẹ̀ nínú èyí. Níbi tí owó tó ju bílíọ̀nù 2 dọ́là ti di Sphere, ilé eré roboto tó ṣí ní 2023, ìtìjú gbáà ni kí ènìyàn máa sùn sínú gọ́tà.

Orúkọ kan ṣẹ́kù, Aláìlágogo, nítorí pé agogo ṣọ̀wọ́n lára ògiri kasínò, ìyẹn ilé-tẹ́tẹ́, kí atatẹ́tẹ́ má baà mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìpadàlọ, aago 11 òwúrọ̀ ni ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì Aláìlágogo ń retí kí yàrá ṣófo, ẹni tó bá sì fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò sanwó.