Ahun, Alágẹmọ àti Eyín Inú Àwòrán

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, kò balẹ̀ lórí ẹnikẹ́ni àfi lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, lọ́dún tí Kìnnìún ní òun yóò fi í jẹ Ọ̀tún Olúigbó.

Bí ìròyìn oyè ti dé ilé, Yánníbo ló kọ́kọ́ bèèrè pé àwòrán ńkọ́. Ó ní oyè tí àwòrán olóyè kò bá sí lára abẹ̀bẹ̀, lára abọ́ ike, lára tówẹ́ẹ̀lì àti lára bánà ẹnu ọ̀nà, a jẹ́ pé inú yàrá ni wọ́n ti jẹ ẹ́. Ìjàpá gbà. Ó wọ bàtà, ó di ọ̀dọ̀ Alágẹmọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sọ ti Alágẹmọ, nítorí àwọn ẹranko ń rí i lójoojúmọ́, wọn ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Nínú gbogbo igbó, kò sẹ́ni tó mọ àwọ̀ tó o. Kì í kun ògiri, kì í fín igbá. Inú wàláà onígíláàsì kan tó ń tàn yòò ló ń yàwòrán sí. Táblẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọmọdé ń pè é. Pẹ́ẹ̀nì rẹ̀ kò ní tàdáwà, ṣùgbọ́n ó mọ oríṣi ìtẹ̀ ọwọ́ 8,192: fọwọ́ bà á, ìlà á tín-ín-rín, tẹ̀ ẹ́, ìlà á ki. Ẹni tó bá sọ pé pẹ́ẹ̀nì náà ló ń dá yàwòrán, kí ó gbé e fún Erin kó wo ohun tí yóò bá nídìí rẹ̀.

"Ọmọ mi," Ìjàpá wí, "yà mí nínú agbádá sányán, iyùn lọ́rùn, ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, ààfin lẹ́yìn. Fún mi lọ́rùn gígùn díẹ̀ sí i. Kí n sì máa rẹ́rìn-ín, kí eyín mi hàn."

"Bàbá, ẹ ò léyín."

"Mo mọ̀. Ohun tó gbé mi wá sọ́dọ̀ rẹ nìyẹn."

Alágẹmọ ṣírò rẹ̀. Ó ní ₦60,000 ni, kí wọ́n san ìdajì sílẹ̀. Ìjàpá rẹ́rìn-ín títí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń mì.

"Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún? Bébà dà? Ọ̀dà dà? Nǹkan tí n kò lè gbá mú! Ṣebí kọ̀ǹpútà ló ń yà á, ìwọ kàn ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ni. Ọmọ àbúrò Yánníbo ní irú ẹ̀ lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ló fi ń ṣe tiẹ̀."

Alágẹmọ ṣe sùúrù. Ó ṣàlàyé pé ìlà ojú ní abala tirẹ̀, awọ ara ní tirẹ̀, òjìji ní tirẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí iyùn náà ní tirẹ̀. Gbogbo wọn á tò lé ara wọn kí ojú tó rí ọ̀kan ṣoṣo. Sányán yẹn nìkan, fọ́nrán-fọ́nrán ni òun yóò fi ọwọ́ hun ún. Iná kì í sì í dúró. Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé táblẹ́ẹ̀tì, epo rẹ̀ kò sì ṣeé fọwọ́ kàn mọ́ láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo.

"Ìyẹn ò kàn mí," Ìjàpá ní. "Gbogbo ẹranko ni yóò rí iṣẹ́ rẹ níbi oyè mi. Orúkọ rẹ á kàn. Owó wo ló tún ju ìyẹn lọ?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ bá mi bèèrè nílé epo bóyá wọ́n ń gba orúkọ kíkàn.

Alágẹmọ bá gbé orin sẹ́nu. Ẹ máa gbè é o:

Lílé: Ayékòótọ́ kì yín, ẹ náwó fún un,
Ègbè: Àwọ̀ kì í ṣọ̀fẹ́!
Lílé: Oríkì dún tán, afẹ́fẹ́ gbé e lọ,
Ègbè: Àwọ̀ kì í ṣọ̀fẹ́!
Lílé: Ta ló rí i gbá mú nínú yín o?
Ègbè: Àwọ̀ kì í ṣọ̀fẹ́!
Lílé: Ta ni yóò feyín sẹ́nu ahun?
Ègbè: Àwọ̀ kì í ṣọ̀fẹ́!

Ìjàpá kò gbè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ eyín yẹn ń dùn mọ́ ọn. Ó ní kí Alágẹmọ kọ́kọ́ yà á kí òun wò ó, pé ilé lowó wà. Alágẹmọ jẹ gbèsè epo, ó gbà. Ó yà á tán, ó fi kékeré rẹ̀ ránṣẹ́, àmì àwọ̀ tíntìntín, tí à ń pè ní tótó, 240 péré ní fífẹ̀, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà lé e, ibi ẹnu gan-an.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìjàpá ní kí fìlà gẹ sósì. Alágẹmọ gẹ ẹ́ sósì. Ó ní ọ̀tún ló dáa jù. Ó gẹ ẹ́ sọ́tùn-ún. Ó ní sányán yẹn, ṣé kò lè di ẹtù? Ẹtù dé, ó ní ẹtù ń mú ojú òun dúdú. Yánníbo ní kí wọ́n fi òun náà sí i, kí òun sì sanra níwọ̀nba. Wọ́n fi í sí i. Ẹ̀gbọ́n Ìjàpá ní kí ni ìyàwó ń wá nínú àwòrán oyè. Wọ́n yọ ọ́. Nígbà tó dòru, Ìjàpá fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Ọmọ mi, mo ti rò ó dáadáa. Dá a padà sí ti àkọ́kọ́." Alágẹmọ dá a padà, ó bèèrè owó. Láti ìgbà náà, àmì búlúù méjì ló ń rí, kò rí èsì.

Ìjàpá ti gba ọ̀dọ̀ Ọ̀bọ lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin ló fi bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun nu orúkọ yẹn kúrò. Ọ̀bọ nù ún. Orúkọ lọ, eyín bá a lọ. Ọ̀bọ ní kó má mikàn, pé ẹ̀rọ kan wà lórí fóònù òun tó ń fúnra rẹ̀ dí ihò inú àwòrán. (Ara iṣẹ́ àwọn ìran Alágẹmọ ni ẹ̀rọ náà ti kọ́ ọ, ẹnikẹ́ni ò bèèrè lọ́wọ́ wọn.) Ẹ̀rọ dí ihò. Ó fún Ìjàpá ní eyín ìlà mẹ́ta, ó sì fi ìka méjì kún ti ọwọ́ ìrùkẹ̀rẹ̀.

"Ẹ ò rí i," Ìjàpá ní, "eyín tún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ!"

Ó di ọ̀dọ̀ Òkété onítẹ̀wé, tí ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ra, àfi bí ẹni pé Ṣómólú l'Ékòó la wà. Ẹ wá wo Ìjàpá kan náà! Abẹ̀bẹ̀ 300, ó san. Abọ́ ike 200, ó san. Bánà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́wàá, ó ka owó lé Òkété lọ́wọ́, ó fi owó ọtí kún un. Ó sanwó bébà, ó sanwó ọ̀dà, ó sanwó ike, ó sanwó irin tí wọn yóò fi na bánà. Ohun tó wà lójú bébà, èyí tí gbogbo ìyókù torí rẹ̀ pé jọ, òun nìkan ni kò rówó gbà.

Òkété gbìyànjú. "Bàbá, àwòrán yìí kéré. Ohun tí a óò mú lọ́wọ́ wò ń fẹ́ tótó 300 nínú ínǹṣì kan. Bánà yín gùn tó ínǹṣì 120. Tí mo bá na 240 yìí sórí ẹ̀, méjì péré ló kan ínǹṣì kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ ewé tó ń tàn lójú fóònù yẹn náà, ọ̀dà mẹ́rin tí mò ń lò kò lè bá a, yóò ṣú."

"Ṣáà tẹ̀ ẹ́," Ìjàpá ní. "Àbí ìwọ náà fẹ́ gba ₦60,000 ni?"

Àìsùn oyè dé, wọ́n na bánà. Ẹni tó wà nítòsí rí igun mẹ́rin-mẹ́rin lásán, àwọ̀ ewé ti di àwọ̀ ẹrẹ̀ odò. Ẹni tó wà lókèèrè rí eyín. Àgbò ní, "Ṣé Ọ̀nì ni wọ́n fẹ́ fi jẹ Ọ̀tún ni?" Ọ̀rọ̀ dé etí odò. Kò pẹ́ tí Ọ̀nì fi jáde nínú omi, òun àti ìyàwó mẹ́rin àti àwọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò kà, wọ́n jókòó sí tábìlì àwọn àgbà, wọ́n gba abẹ̀bẹ̀, wọ́n rí ojú ara wọn níbẹ̀, inú wọn dùn. Kìnnìún pàápàá bọ Ọ̀nì lọ́wọ́. Ìjàpá ń pariwo pé òun ni, òun ni. Àwọn àlejò wo bánà, wọ́n wo ẹnu rẹ̀, wọ́n padà sídìí oúnjẹ wọn. Ayékòótọ́ kò lè pa á mọ́ra:

Lílé: Òkété tẹ abẹ̀bẹ̀, ó gbowó,
Ègbè: Àwọ̀ kì í ṣọ̀fẹ́!
Lílé: Ọ̀bọ nu ẹnu, ó gbọ̀gẹ̀dẹ̀,
Ègbè: Àwọ̀ kì í ṣọ̀fẹ́!
Lílé: Ọ̀nì jókòó sága, ta ló pè é o?
Ègbè: Àwọ̀ kì í ṣọ̀fẹ́!
Lílé: Ta ló feyín sẹ́nu ahun?
Ègbè: Àwọ̀ kì í ṣọ̀fẹ́!

Láàárín òru, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn Alágẹmọ.

"Ọ̀gá Alágẹmọ, ẹ dákun, ẹ gbà mí. Èyí tó tóbi yẹn, kí ilẹ̀ tó mọ́."

"₦60,000 náà ni, Bàbá. ₦30,000 tòru lórí ẹ̀. Ẹ san án ná."

Ìjàpá kẹ̀yìn sí i, ó tẹ fóònù títí. Nígbà tó ṣe, fóònù Alágẹmọ dún: rìsíìtì báńkì ni, ₦90,000, déètì pé, orúkọ pé. Alágẹmọ wo àkáǹtì rẹ̀, náírà kan ò wọlé. Ó tún rìsíìtì wò fínnífínní, ó rí ibi tí ọwọ́ Ọ̀bọ ti nu nǹkan tí kò nù tán.

"Bàbá Ìjàpá," ó ní, "àwòrán lásán lèyí. N kò lè gbá a mú."

Ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, orí Ọ̀nì ni wọ́n fi ewé akòko lé.

Láti ọjọ́ náà ni ojú Alágẹmọ méjèèjì kì í ti í wo ibì kan náà: ọ̀kan ń wo iṣẹ́, ọ̀kan ń wo fóònù bóyá owó ti wọlé. Bó bá gbé ẹsẹ̀ síwájú, á dá a padà, á tún gbé e, nítorí kò dá a lójú pé oníbàárà ti parí àtúnṣe. Ní ti Ìjàpá, abọ́ ike 200 yẹn ni wọ́n ṣì fi ń jẹun nílé rẹ̀. Bí àlejò bá jẹun kan ìdí abọ́ tó bi í pé ta nìyí, á ní ọ̀rẹ́ òun kan lódò ni.

Ìdí àlọ́ mi rè é gbáńgbáláká.