Ọmọ Yàrá Kẹta àti Pentium Olówó Pọ́ọ́kú

Ẹ sún mọ́bí díẹ̀, ká má pariwo. Ògiri ilé wa yìí, bí ẹ bá sín ní yàrá kìíní, ará yàrá keje ló máa kí yín pẹ̀lẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni mo ń sọ, àti èyí tí Ìyá Ràfíù bá sọ fún mi nídìí kànga.

Ìyá Ràfíù ló gbé ti yàrá kẹta wá. Ó ní òun ń kọjá lójú fèrèsé, òun gbọ́ tí ọmọkùnrin tó ń gbé ibẹ̀ ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Mẹ́ta ò tó mi mọ́, mo fẹ́ gbé e dé mẹ́rin." Ìyá Ràfíù káwọ́ lérí. Ọmọ tí kò tíì fẹ́ ẹyọ kan! Èmi ni mo ní kó fara balẹ̀. Mo mú àwo, mo lọ tọrọ iyọ̀ ní yàrá kẹta, mo sì jókòó, nítorí iyọ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń gbà lórí ìdúró.

Kì í ṣe ìyàwó. Kọ̀ǹpútà ni. Pírósẹ́sọ̀ tòkunbọ̀ kan, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó rà n'Íkẹjà, ní Computer Village, ń sáré 3.2 GHz, ó wá fẹ́ kó sá ju 4 lọ. Overclock ni wọ́n ń pè é. Ó ti tú ikùn ẹ̀rọ náà sórí tábìlì, ìfun rẹ̀ wà níta gbalasa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti ìdílé tí nǹkan yẹn ti wá, torí òfófó ibẹ̀ dùn ju ti ilé wa lọ.

Intel ló bí i lọ́dún 2014, láti fi ṣàjọyọ̀ ọdún 20 orúkọ Pentium. G3258 ni wọ́n sọ ọ́. Dọ́là 72 ni wọ́n dá lé e, kọ́ọ̀ méjì péré, ìyẹn apá tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ló sì ní. Nílé Intel, àwọn ọmọ olówó tí K wà nídìí orúkọ wọn ni wọ́n máa ń ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n sáré ju ìwọ̀n lọ. Àwọn mẹ̀kúnnù, títì ni wọ́n ń tì wọ́n pa. Àfi G3258 yìí. Ìṣirò rẹ̀ ò le: 100 MHz lọ́nà 32 ló ń jẹ́ 3.2. Bí ẹ bá sọ 32 di 42, ó di 4.2 nìyẹn. Ṣùgbọ́n mọ́dábọ́ọ̀dù ni pátákó tí pírósẹ́sọ̀ ń jókòó lé, Intel sì ní orí èyí tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Z nìkan ni kí wọ́n ti dán an wò, ìyẹn àwọn olówó ńlá. Ta ló fẹ́ ra pírósẹ́sọ̀ dọ́là 72 kó wá gbé e ka orí mọ́dábọ́ọ̀dù tó wọ́n jù ú lọ?

Àwọn tó ń ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù rí ọjà níbẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé, wọ́n gbé BIOS tuntun, ètò tó ń jí mọ́dábọ́ọ̀dù dìde, jáde tó jẹ́ kí H81 àti B85, àwọn tí owó wọn kéré, ṣe ohun tí Z ń ṣe. Inú Intel ò dùn. Nígbà tí Windows 10 dé lọ́dún 2015, fáìlì kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbé àṣẹ Intel wọnú pírósẹ́sọ̀, ni G3258 tó wà lórí irú mọ́dábọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ bá ń dákú bí wọ́n bá ti tàn án. Àwọn tó ni ín ní láti pa kọ́ọ̀ kan kí Windows tó rí ọ̀nà wọlé, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá fáìlì ọ̀hún rí, kí wọ́n gbé e jù síta. Ẹ ò rí i pé ìjà orogún ò mọ sí agboolé wa.

Mo ròyìn fún Ìyá Ràfíù. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Abájọ tí yúníìtì mítà wa fi ń tètè tán!" Ẹ gbọ́ o. Wáàtì 53 ni Intel kọ fún pírósẹ́sọ̀ yẹn. Ká tiẹ̀ ní ó di ìlọ́po méjì, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí áyọ́ọ̀nù lásán ń jẹ. Ta ló ń fi sítóòfù oníná se ẹ̀wà lóru lẹ́yìn tí gbogbo ilé bá ti sùn? Mi ò dárúkọ. Ẹ̀wà náà kàn ń ta sánsán dé yàrá mi ni.

Ọmọ yàrá kẹta gbọ́n, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Kò fò lọ bá 4.2 lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbọn eruku dànù, ó fi páàsìtì tuntun sáàárín pírósẹ́sọ̀ àti irin fáànù, ó sì fi HWiNFO wo ooru rẹ̀ nígbà tí kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wọ BIOS, ó fi ẹyọ kan kún 32, ó jáde, ó fi Prime95 fún un níṣẹ́ àṣelàágùn. Kò dákú. Ó tún padà lọ fi ẹyọ kan kún un. Irú sùúrù yìí, kí ló dé tí kì í ní in bó bá kan owó omi?

Mo bi í bóyá eré yẹn ò ní jó nǹkan mọ́ wa lórí. Ó ní, "Màmá, eré ò burú tó fọ́ltéèjì." Bí ẹ bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún eré, ooru náà á fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá lé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ fọ́ltéèjì lẹ fi ìdá mẹ́wàá kún, ìdá mọ́kànlélógún ni ooru á fi lé. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbà kí BIOS fi "Auto" yan fọ́ltéèjì fúnra rẹ̀, torí Auto a máa ná ìná àpà. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ 1.2 síbẹ̀. Ó ní òun ò ní kọjá 1.25 pẹ̀lú fáànù kékeré tó bá a wá, bí ooru bá sì ti ń sún mọ́ 80 lórí ìwọ̀n Celsius, òun á rọra padà sẹ́yìn. Lóòótọ́ pírósẹ́sọ̀ náà á dín eré ara rẹ̀ kù bó bá dé 100, ṣùgbọ́n ta ló ń dúró de ìyẹn nínú oṣù Kẹta, nígbà tí yàrá pàápàá ti ń hó?

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé mọ́dábọ́ọ̀dù ló máa ń kọ́kọ́ jìyà. Iná volt 12 ló ń bọ̀ látinú páwà, àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké kan tí wọ́n ń pè ní VRM ló ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀ sí nǹkan bí 1.8 kó tó kan pírósẹ́sọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ á wá rọ̀ ọ́ dé 1.2 tí ọmọ náà kọ. Lórí mọ́dábọ́ọ̀dù olówó ńlá, àwọn alábàárù yìí lè tó mẹ́jọ, irin tó ń fa ooru sì bò wọ́n lórí. Lórí H81, mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, orí wọn sì ṣófo láìsí òṣùká, ẹ wá ń di ẹrù kún ẹrù fún wọn. Ni ọmọ náà bá so fáànù kékeré kan, ó kọjú rẹ̀ sí ibẹ̀ gangan. Páwà tí kò lórúkọ, ó ní kí n má tiẹ̀ dá a lábàá.

Lálẹ́ ọjọ́ tó gbé e dé 4.4, ẹ̀rọ náà kọ̀, kò dìde, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Ìyá Ràfíù ti fẹ́ lọ pe ìyá ọmọ náà lórí fóònù. Ọmọ náà kàn fa wáyà iná yọ, ó yọ bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 inú mọ́dábọ́ọ̀dù, ó dá a padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, BIOS sì gbàgbé gbogbo ohun tó ti kọ sí i. Ó sọ̀kalẹ̀ sí 4.2, ó dúró síbẹ̀.

Ó yára, mo rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé géèmù Far Cry 4 sí i, géèmù ọ̀hún ò ṣí, torí kọ́ọ̀ méjì ò tó o, eré yòówù kí wọ́n máa sá. Ojú tì mí bá a. Mo wá bi í pé kí ló tún lè jókòó sórí mọ́dábọ́ọ̀dù yìí, ó ní Core i5-4570 ń jókòó síbẹ̀, kọ́ọ̀ mẹ́rin, láìsí overclock rárá. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ overclock tàbí kó kàn fi í dárayá, kó máa bá G3258 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà jẹun, i5 tòkunbọ̀ yẹn ni kó lọ rà.