Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Kì Í Gun Òkè Màpó

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba bàbá níyànjú pé kó mú ọmọ rẹ̀ rìnrìn àjò ìgbafẹ́, ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ mi. Ẹ ní ọmọ tí kò mọ ilé bàbá rẹ̀ yóò sọnù lọ́jọ́ iwájú. Ẹ ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Ìyàwó mi náà ní òun fẹ́ sinmi díẹ̀, ó sì ti palẹ̀ ẹrù ọmọ mọ́ kí n tó dáhùn. Bí mo ṣe di ẹni tó ń mú ọmọ ọdún mẹ́ta láti Èkó lọ sí Ìbàdàn nìyẹn, ọmọ tó jẹ́ pé bí a bá jọ lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ ládùúgbò, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́.

Mo ṣètò o, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò ṣètò. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀, Màpó kí oòrùn tó mú, Láyípo lẹ́yìn ìyẹn, ilé Ìyá Àgbà ní Bẹyẹrúnkà nírọ̀lẹ́. Ọmọ náà ní ètò tirẹ̀. Kò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ọkọ̀ ojú irin tó ń kó èrò láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, la wọ̀. Kìlómítà 157 ni wọ́n pe ojú irin náà, ọmọ sì gbádùn gbogbo rẹ̀ pátá. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dé Mọ́níyà, tí gbogbo èrò ń bọ́ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n máa wa ọkọ̀ lọ. Mo ní a ti dé ibi tí à ń lọ. Ó ní irọ́ ni, ọkọ̀ lòun wá wọ̀. Lójú tirẹ̀, ìgbafẹ́ ti parí ní Mọ́níyà. Ohun tó kù, ìyà ni. Ẹni tó bá sì mọ Ìbàdàn mọ̀ pé láti Mọ́níyà dé Màpó, ìrìn àjò mìíràn ni. Máíkírà la wọ̀. Awakọ̀ ní bí ọmọ bá jókòó lórí itan mi kò ní sanwó, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò san owó èèyàn kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti kẹ̀kẹ́ yìí. Kẹ̀kẹ́ ọmọ ni, irú èyí tí wọ́n ń ti kiri nílùú Òyìnbó. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló fi ránṣẹ́ láti Peckham, níbi tí ẹ̀gbẹ́ títì ti tẹ́jú, tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì sì ń dúró de ẹni tó ń ti ọmọ. Ó ní apá mi á sinmi.

Ẹ wá wo Ọjà'ba. Ìba Olúyọ̀lé tó kú ní 1847 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọjà náà, ìsàlẹ̀ Màpó ni wọ́n sì ti ń ná an. Ẹni tó pàtẹ ata, ẹni tó kó èlùbọ́ jọ pelemọ, alábàárù tó ń pariwo ‘Ẹ yà o!’, ọlọ́kadà tó gbé ìyá àti ọmọ àti àpò gàrí, kò sí èyí tó retí pé ọkùnrin kan á ti kẹ̀kẹ́ onítáyà wẹ́wẹ́ gba àárín wọn kọjá. Táyà iwájú rì sínú ihò kan lórí gọ́tà. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan dìde, inú mi dùn pé olùrànlọ́wọ́ dé. Ó yí kẹ̀kẹ́ náà po, ó tẹ ìjókòó rẹ̀ wò pẹ̀lú ọmọ nínú, ó ní, ‘Bàbá ọmọ, èló lẹ máa ta á? Á gba àpò èlùbọ́ kan dáadáa.’ Ẹnìkan ní oòrùn ń pa ọmọ, kí n fi nǹkan bò ó lórí. Ẹnìkan ní ooru ń mú un, kí n ṣí i lórí. Gbogbo wọn wá pa ohùn pọ̀ bi mí pé ìyá rẹ̀ dà. Bàbá kò gbọdọ̀ dá gbé ọmọ rẹ̀ ní Ọjà'ba kí wọ́n má wádìí ibi tó ti jí i.

Ẹ̀dùn ọkàn mi gan-an nìyí: kí ló dé tí gbogbo ohun tó yẹ ní wíwò ní Ìbàdàn àtijọ́ fi wà lórí òkè? Ti àwọn baba wa yé mi. Bùdó ogun ni ibẹ̀ ní nǹkan bí 1829, ológun sì gbọ́dọ̀ tètè rí ọ̀tá lókèèrè. Àwọn Òyìnbó tó dé lẹ́yìn ńkọ́, ta ló ń lé wọn? Ní 1925 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Gbọ̀ngàn Màpó, wọ́n parí rẹ̀ ní 1929. Taffy Jones, ẹnjiníà wọn, gbé àwọn òpó gàgàrà yẹn kalẹ̀ sí ṣóńṣó orí òkè, kí gbogbo ìlú lè máa gbójú sókè wo ìjọba. Ó bọ́ sí i. Mo gbójú sókè. Ọmọ mi náà gbójú sókè, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ó ní, ‘Gbé mi.’ Mo gbé ọmọ ní apá kan, mo gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ ní apá kejì.

Nígbà tí a dókè, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ní, ‘Wo òpó.’ Kò wo òpó. Ìnáwó kan ń lọ lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn, gángan dún, ni ọmọ tí kò lè rìn bá sáré. Kí n tó lé e bá, ó ti wà láàárín agbo, ó ń jó, ẹnìkan sì ti lẹ náírà mọ́ ọn níwájú orí. A kò mọ ìyàwó, a kò mọ ọkọ. Wọ́n gbé ìrẹsì fún un. Èmi tí mo gun òkè, omi ni mo tọrọ.

Láyípo tilẹ̀ tún burú jù. Ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ sórí Òkè Ààrẹ ní 1936 ni, ní ìrántí Bower, ajẹ́lẹ̀ tí Òyìnbó kọ́kọ́ fi sí Ìbàdàn ní 1893. Bower kan náà ló kó àgbá lọ yìn lu Ọ̀yọ́ ní 1895, òun náà ló wá ní ilé ìrántí tí ọmọ Yorùbá ń fi orúnkún gùn. A gun àtẹ̀gùn náà, ó ń yí, à ń yí. Ní agbedeméjì, ọmọ jókòó. Àwọn ọmọ iléèwé tò sẹ́yìn wa. Ó ní, ‘Dádì, mo fẹ́ tọ̀.’

Wọ́n ní láti òkè Láyípo, èèyàn á rí gbogbo páànù tó ti dípẹtà dé Màpó. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ bá mi wò ó.

Mo gbé e kọ́ èjìká, mo sáré sọ̀ kalẹ̀, mo wọ agbo ilé àkọ́kọ́ tí mo rí. Ìyá arúgbó kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Èèyàn kì í kan ìyá àgbà kó ní ilé ìtọ̀ dà. Mo dọ̀bálẹ̀ tọmọtọmọ. Ó ní ọmọ ta ni mí. Mo ní ọmọ Bẹyẹrúnkà ni mí. Ó ní ilé ta ní Bẹyẹrúnkà? Mo dárúkọ bàbá bàbá mi. Ó ní ṣé èyí tó fẹ́ ọmọ Kúdẹtì ni, tàbí àbúrò rẹ̀ tó ń ṣòwò obì? Kí a tó yanjú ọ̀rọ̀ obì, ọrùn mi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ti ń ṣàn wọ ẹ̀yìn. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, ‘Ó ti mọlé.’

Àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń bi mí pé kí ló dé tí n kò mú un lọ sí ọgbà ẹranko Yunifásítì. Ẹ ṣeun. Ewúrẹ́ tó bá pàdé ní Bẹẹrẹ ti tó o.

Ní Bẹyẹrúnkà, Ìyá Àgbà ti ro àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú ti délẹ̀. Ọmọ wo abọ́ náà, ó ní Indomie lòun máa jẹ. Ìyá Àgbà kò bá ọmọ wí. Èmi ló wò, ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. Ó fa ọ̀já yọ, ó gbé ọmọ pọ̀n. Obìnrin tó ti lé láàádọ́rin ọdún, tó ń di orúnkún mú kó tó dìde, ló gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àdúgbò lọ kí àwọn aládùúgbò, tó sì padà. Ọmọ ti sùn fọnfọn. Kẹ̀kẹ́ Peckham sì wà ní Bẹyẹrúnkà di bí mo ti ń sọ yìí, èlùbọ́ ni wọ́n fi ń kó.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń mú ọmọ bọ̀ láti Èkó, ọ̀já ni kí ẹ dì sápò, pẹ̀lú ṣòkòtò ọmọ bíi mélòó kan àti ṣẹ́ẹ̀tì kan fún bàbá. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ìlú wà lọ́wọ́ yín, n kò ní kí ẹ wó Màpó wá sísàlẹ̀. Ẹ ṣáà bá wa kọ́ ilé ìtọ̀ kan sí ìsàlẹ̀ Òkè Ààrẹ, kí ẹ sì má fi àtẹ̀gùn sí i.