Òfófó Inú Ìwé Bàbá Tísà

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, n ò fẹ́ pariwo. Ní agboolé wa ní Rayfield níbí, ògiri létí, fèrèsé létí, ìyá tó ń ta ànàmọ́ òyìnbó lẹ́nu ọ̀nà, tirẹ̀ tún ju etí lọ. Àwọn kan ní olófófó ni mí. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ló máa ń wá bá mi níbi tí mo bá jókòó sí, èmi ò sì lè lé àlejò.

Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, Ìyá Tísà ló kọ́kọ́ tú u sí mi létí nídìí kànga. Ó ní ọkọ òun ti ń bá òkú sọ̀rọ̀ lóru. Mo ní, "Ìyá Tísà, òkú wo?" Ó ní òkú náà pọ̀, pé ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ jẹ́ ará Ìjẹ̀bú. Àyà mi já. Òkú Ìjẹ̀bú kì í dédé gun òkè Jos wá nínú òtútù báyìí. Yóò ní gbèsè tó wá gbà lọ́wọ́ ẹnì kan ni.

Àṣé inú ìwé ni gbogbo wọn wà.

Ọmọ Yunifásítì Jos tó gba yàrá iwájú ló fa ọ̀rọ̀ náà. (Yunifásítì yẹn, kí n tó gbàgbé, ọmọ Ìbàdàn ni: 1971 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀ níbí, 1975 ló dá dúró. Mo máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá bi mí pé kí ni Yorùbá ń wá ní Jos. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mò ń sọ.) Ọmọ náà gbé ìwé kan wálé tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, The Mexico Reader, tí Gilbert Joseph àti Timothy Henderson kó jọ ní 2002. Kì í ṣe ẹnu ẹnì kan ló wà níbẹ̀. Sójà ń sọ tirẹ̀, olóṣèlú ń sọ tirẹ̀, akéwì ń sọ tirẹ̀, tálákà náà ò gbẹ́yìn, kálukú ń ròyìn Mẹ́síkò bó ṣe bá a.

Bàbá Tísà yá ìwé náà, ó wá rán wọn létí sójà kan tí wọ́n ti kà nípa rẹ̀ rí, Bernal Díaz, ọ̀kan lára àwọn tó bá Cortés gbógun wọ Mẹ́síkò ní 1519. Díaz ti darúgbó sí Guatemala nígbà tí ìwé kan bọ́ sí i lọ́wọ́, èyí tí àlùfáà kan tó ń jẹ́ Gómara tẹ̀ ní 1552. Gómara yìí ò fẹsẹ̀ tẹ Mẹ́síkò rí láyé rẹ̀! Spéènì ló jókòó sí, ó ń gbọ́ lẹ́nu Cortés, ó sì kó gbogbo ògo ogun lé ọ̀gá rẹ̀ lórí. Inú bí Díaz, ó fi ìwé tirẹ̀ dá a lóhùn. 1632 ni ìwé náà tó jáde, Díaz sì ti kú tipẹ́. Ẹ wo ẹni tó ti wà nísà òkú tó ṣì ń jà!

Ọ̀rọ̀ Díaz yé mi ju bó ṣe yé Bàbá Tísà fúnra wọn lọ. Àlájà tó wà ní yàrá kẹta kò débi ìsọmọlórúkọ tó wáyé níbí lọ́jọ́sí, ṣùgbọ́n òun ló ń ka iye ẹran tó wà nínú abọ́ kálukú káàkiri àdúgbò. Àwa tí a jẹ ẹran náà ò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọmọ yunifásítì wá ta ọ̀rọ̀ kan tó dun Bàbá: pé ó ṣe jẹ́ tí àwa ò ní irú ìwé báyìí. Wọn ò dá a lóhùn. Wọ́n wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ, wọ́n fa páálí kan jáde, aáyán tú jáde pẹ̀lú rẹ̀ (Ìyá Tísà ni kí n má sọ ìyẹn), wọ́n sì gbé ìwé kan lé ọmọ náà lọ́wọ́: Africa Remembered, tí Philip Curtin kó jọ ní 1967. Ìtàn àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni, láyé òwò ẹrú, látẹnu àwọn fúnra wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì ti tà rí. Àwọn kan kọ ọ́ fúnra wọn, àwọn kan sọ ọ́ tí òyìnbó fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí iná bá ti lọ lálẹ́, ìta la máa ń pé sí. A ó da aṣọ bora, Bàbá á tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa sọ ọ́ ní Yorùbá, wọ́n á sì yí i sí Haúsá fún télọ̀ wa tó jẹ́ ọmọ Borno àti ìyá ará Berom tó ń ta kúnú. Ọmọ Íbò tó ń ta ohun èlò mọ́tò gbọ́ èdè méjèèjì, ó kàn máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ kí wọ́n lè máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀.

Ti Ayuba Diallo la kọ́kọ́ gbọ́. Ọmọ àlùfáà Mùsùlùmí ni láti Bundu, lọ́nà Senegal. Bàbá rẹ̀ rán an lọ sétí odò Gambia ní nǹkan bí 1730 pé kó lọ ta ẹrú méjì. Òun àti ọ̀gákọ̀ kan tó ń jẹ́ Pike ò gbọ́ra lórí iye, ló bá sọdá odò, ó fi àwọn ẹrú náà gba màlúù. Bó ṣe ń bọ̀ wálé làwọn kan ká a mọ́. Wọ́n fá irun orí rẹ̀, wọ́n fá irùngbọ̀n rẹ̀, wọ́n sì lọ tà á. Ta ni wọ́n tà á fún? Pike! Ó dé Maryland, ó dé Lọ́ńdọ̀nù, 1734 ló tó padà sílé. Agboolé pín sí méjì lálẹ́ ọjọ́ náà. Apá kan ń ṣe pẹ̀lẹ́, apá kejì ní àwọn ẹrú méjì tó fi gba màlúù ńkọ́, ta ló fi ọkọ̀ gbé wọn padà? Lójú tèmi, apá kejì ló jàre.

Àjàyí Crowther ni ẹ mọ̀, gbogbo yín ti ń fẹ́ sọ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ mọ ti ẹṣin? 1821 ni wọ́n kó ìlú rẹ̀, Òṣoògùn, ọmọdé ṣì ni. Nígbà tí wọ́n kó wọn dé Ìsẹ́yìn, wọ́n fi í gba ẹṣin. Ẹṣin náà ò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, wọ́n dá a padà, wọ́n sì gba ọmọ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, débi pé ó gbìyànjú láti fi ọ̀já ìdí rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn lóru. Oṣù kẹrin 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú òkun. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní 1837, kó tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ọmọ Íbò bi wá pé ẹṣin wo ni wọ́n fẹ́ tí kò ní àbùkù, tí wọ́n fi ń dá bíṣọ́ọ̀bù padà sọ́jà. Ẹ̀rín pa wá. Ìyá Tísà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín; ó ní ìyá ọmọ náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe pàṣípààrọ̀ náà ní Ìsẹ́yìn. Gbogbo wa dákẹ́.

Joseph Wright, ọmọ Ẹ̀gbá, kọ tirẹ̀ náà ní 1839, ó sì di oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì ní Freetown. N ò ní pẹ́ lórí tirẹ̀ torí mo fẹ́ dé ibi tó dùn.

Ibi tó dùn ni ti Ali Eisami. Bí Bàbá Tísà ṣe pe ilé rẹ̀ ní Gazir, ní Borno, télọ̀ wa fi aṣọ tó ń rán sílẹ̀. Ogun jìhádì ló tú ìlú Ali ká, wọ́n mú un, wọ́n ń tà á wá sísàlẹ̀ títí ó fi dé Ọ̀yọ́ Ilé, níbi tó ti ṣẹrú fún ọdún mélòó kan. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí Àfọ̀njá ṣọ̀tẹ̀ ní Ìlọrin, tí àwọn ẹrú tó bá sá lọ bá a ń di òmìnira. Ẹ̀rù ba olówó Ali pé tirẹ̀ náà á sá lọ, owó òun á sì gbé. Ló bá yára tà á sí etí òkun. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú omi ní 1818, ó di William Harding ní Sierra Leone. Nígbà tó yá, òyìnbó oníwàásù kan, Koelle, jókòó tì í, ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Kànúrí, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1854.

Ṣé ẹ rí ohun tí mo rí? Sámúẹ́lì Johnson, tí gbogbo wa ń fi ìwé rẹ̀ na ara wa lórí bí ìjà ìtàn bá dé, 1846 ni wọ́n bí i. Ẹrú Kànúrí ti gbé Ọ̀yọ́ Ilé, ó ti gbọ́ ariwo Ìlọrin pẹ̀lú etí ara rẹ̀, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó bí Johnson! Láti ọjọ́ náà ni télọ̀ wa ti ń yan ní agboolé. Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Aláàfin, á wúkọ́, á ní kí a dúró, pé àwọn ará ilé òun wà níbẹ̀. Kò sí ohun tí a lè sọ sí i.

Ará Ìjẹ̀bú tó ń dààmú Ìyá Tísà wá ni Ọ̀ṣífẹkúndé. Àwọn jàǹdùkú orí omi ló mú un ní 1820, wọ́n tà á ní Warri, ó bá ara rẹ̀ ní Brazil, wọ́n ń pè é ní Joaquim. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọ̀gá rẹ̀ mú un lọ sí Paris. Níbẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé kan, d'Avezac, ti gbọ́ nípa rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í nípa Ìjẹ̀bú: ọjà wọn, ọba wọn, ọ̀nà wọn, èdè wọn. 1845 ni gbogbo rẹ̀ jáde ní ìwé. D'Avezac fẹ́ kí wọ́n rán an lọ sí Sierra Leone, kó lọ di òmìnira. Ọ̀ṣífẹkúndé kọ̀. Brazil ló padà sí, sínú oko ẹrú, torí ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ìjà tó ṣẹlẹ̀ lórí ìyẹn, ẹ ò lè gbà gbọ́. Àlájà ní òmùgọ̀ ni. Ìyá Berom ní kò sí òmùgọ̀ níbẹ̀, pé òun náà á padà. Ìyá Tísà ní ṣé ọkùnrin ló ṣe bẹ́ẹ̀? Ó wá wo ọkọ rẹ̀ lójú. Bàbá Tísà pa tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ilẹ̀ ti ṣú.

Ní ọjọ́ kejì ọmọ yunifásítì ní Jos tí a ń gbé yìí ńkọ́. Bàbá sọ ti orí amọ̀ tí wọ́n wú jáde níbi kùsà lágbègbè Jema'a ní 1943: akọ̀wé kan gbé e lọ fi ṣe aṣọ́komásùn nínú oko iṣu rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ tó bí ọdún kan, kó tó dé ọ̀dọ̀ Bernard Fagg. Ọ̀kan lára àwọn orí Nok ni, ó ti lé ní 2,000 ọdún. Fagg náà ló dá Mùsíọ́mù Jos sílẹ̀ ní 1952. Ẹyẹ ti rí orí náà kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó rí i.

Ṣùgbọ́n àwọn tó gbẹ́ kùsà ńkọ́? Nígbà tí Japan gba Malaya ní 1942, tí tánganran ibẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fipá kó bí 100,000 ènìyàn láti àwọn abúlé Àríwá wá wa tánganran lórí òkè yìí. Àwọn adágún tí àwọn ọmọ wa ń wẹ̀ ní ẹ̀yìn Rayfield, ihò kùsà ni wọ́n. Ìwé ilé-iṣẹ́ wà, ìwé àjẹ́lẹ̀ wà, Gómara pọ̀ nínú wọn. Bàbá arúgbó kan ń gbé ìsàlẹ̀ ọ̀nà wa tí bàbá tó bí i wà lára àwọn tí wọ́n kó wá. Haúsá ló ń sọ, ó ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ó sì fẹ́ràn kúnú gbígbóná. Ọmọ yunifásítì ti ní òun á gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù. Ẹni tó bá ní irú bàbá bẹ́ẹ̀ ní Bukuru tàbí Barkin Ladi, kó jọ̀wọ́ lọ jókòó tì í lọ́sẹ̀ yìí, kó má sì rán Àlájà yàrá kẹta.