Eghó Síkí

Ẹni tó bá kọ́ mi ní nǹkan tuntun ti kó bá gbogbo àdúgbò. Bí mo ṣe gbọ́ pé àwọn olóòtú máa ń fi [sic] sẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí wọ́n dà kọ, kí òǹkàwé lè mọ̀ pé ẹni tó sọ̀rọ̀ ló ṣì í, kì í ṣe olóòtú, inú mi dùn dẹ́yìn.

Wọ́n gbé ìwé pélébé kan fún mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìtàn àwọn àgbà, pé kí n tún un wò kí a tó lọ tẹ̀ ẹ́ ní Àgọ́-Ìwòyè. Bàbá apẹja kan láti Ògùn Waterside, tó ń sọ Ìlàjẹ, ní eghó lòun fi ra ọkọ̀ ojú omi. Èmi ọ̀mọ̀wé! Mo ní owó ló tọ́, mo bá lẹ sic mọ́ ọn. Àkámọ́ onígun ló yẹ kí n fi sé e, torí òun ló ń fi hàn pé olóòtú ló ń dá sí ọ̀rọ̀. N kò rí i lórí fóònù mi. Mo lo olóbìrìkìtì, ó wá dà bíi pé Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

Lọ́jọ́ ìkójáde ìwé náà, adarí ètò kà á ketekete: “Eghó Síkí ni mo fi ra ọkọ̀.”

Ìyá dìde. “Olówó orí mi, ta ni Síkí?”

Bàbá ní òun kò mọ Síkí kankan. Ìyá ní ṣé ọkọ̀ tí òun ti ń wọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, owó obìnrin mìíràn ni? Èmi ti wà lẹ́yìn kúlà.

Tíṣà àgbà kan ló fà mí jáde, ó ṣí ojú ìwé mìíràn. Níbẹ̀ ni mo ti da ọ̀rọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ lórí ogun Ìmàgbọn, oṣù Karùn-ún 1892. Gómìnà Carter ti Èkó rán ọmọ ogun sí Ìjẹ̀bú, tàwọn ti ìbọn Maxim, wọ́n sì pè é ní “expedition”, àfi bí ẹni tó lọ wo odò. N kò fi àmì kankan síbẹ̀.

“Bàbá sọ èdè ìyá rẹ̀, o nàka sí i. Ẹni tó fi ìbọn wọ̀lú, o kí i kú iṣẹ́.”

Mo ní ó dáa, n ó fi sic sí i. Ó ní rárá, wọn kò ṣì í kọ, wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ni. Kí n sọ ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀, kí n sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. A tún un tẹ̀: “ogun tí Carter gbé ja Ìjẹ̀bú, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè ní ‘expedition’.” Eghó dúró láìní àmì. Ìyá gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí n fi ìlà kan kún un pé kò sí Síkí nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo fi kún un. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́sí ló wá ń bi mí báyìí pé ta ni Síkí.