Díìsìkì Kìíní Kọ́ Ni Díìsìkì 1

Òṣíẹ̀lẹ̀ ni mo ti ń tọ́jú sáfà, ní ọ́fíìsì kékeré kan lójú títì tó ti Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá fi orúkọ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń tẹ ìwé. Tòkunbọ̀ láti Ìkẹjà ni sáfà náà. Èmi ni wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà, orúkọ yẹn ló sì kó bá mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, sáfà bẹ̀rẹ̀ sí í han bí òròmọdìyẹ tí kò rí ìyá rẹ̀. Mo ká aṣọ tó bò ó kúrò. Díìsìkì méjì ló wà nínú rẹ̀: ohun tí a bá kọ sí ọ̀kan, èkejì náà ń kọ ọ́. RAID 1 ni wọ́n ń pè é. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa bá iṣẹ́ lọ. Mo yẹ àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ wò, ó ní díìsìkì 1 ti bàjẹ́. Kí ló tún kù? Mo nawọ́ sí èyí àkọ́kọ́ láti apá òsì, mo fà á yọ.

"Ẹnjiníà, iṣẹ́ mi ti lọ o!"

Òdo ni kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà. Díìsìkì 0 ni mo fà yọ, òun nìkan ló sì ṣì ń mí. Iná aláwọ̀ ọsàn ń tàn yòò lára òkú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mi ò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Mo tì í padà, mo tún sáfà tàn. Káàdì tó ń darí díìsìkì ní òun kò mọ̀ ọ́n rí: ṣé kí òun gbà á wọlé ni, àbí kí òun pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́? Ìka mi ti ń lọ síbi ìparẹ́ nígbà tí ọmọ tó ń bá wa gbálẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra kà á ná." Mo gbà á wọlé. Iṣẹ́ oníbàárà padà, òógùn ti rin mí gbingbin.

Ó wá ku ẹni tó pa díìsìkì 1. Àwọn oníná ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi, ọ̀gá sì ra sitabiláísà tuntun. Nígbà tó yá, mo ní omi ìnulẹ̀ ọmọ yẹn ló ta sí i. Mo tún wá ọmọńlé kiri inú ẹ̀rọ, kò sí.

Ẹ̀yìn gbogbo ẹjọ́ wọ̀nyí ni mo tó ka àkọsílẹ̀ ooru. Àwọn ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà amúlétutù ní Amẹ́ríkà, ní ó dára kí afẹ́fẹ́ tó ń wọ sáfà wà láàárín 18 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tiwa ti kọjá 40, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì fò sókè, lọ́jọ́ tí mo ti ọjà Ìtókù dé pẹ̀lú àdìrẹ ẹlẹ́kọ.

Nítorí eruku ọyẹ́ ni mo ṣe fi bò ó. (Kí ni Ẹ̀gbá rí tí kò fi àdìrẹ bò?) Iwájú ni sáfà ti ń fa afẹ́fẹ́ tútù, ẹ̀yìn ni fáànù ń tì í gbà jáde. Mo bo méjèèjì, mo sì fi kílíìpù mú un kó má baà ṣí.

A fi díìsìkì tuntun sí i, ó da ohun gbogbo kọ láti ara èkejì mọ́jú. Mo ra máòtì fún ọmọ tó ń gbálẹ̀; ó mu ún tán, ó ní ẹ̀sùn omi yẹn nìkan nìyẹn, ti ìka ìparẹ́ ṣì kù. Ọ̀gá ní tirẹ̀ kò bá mi jà rárá. Ó kàn ní kí n lọ gba owó sitabiláísà lọ́wọ́ àwọn oníná.