Lẹ́tà sí Ìyá Owódé, Ẹni Tí Kì í Da Ọbẹ̀ Nù

Ìyá mi Owódé,

Ẹ kú ìnáwó gáàsì, ẹ sì kú gbígbé ọbẹ̀ àná kaná. Ẹ má bínú pé etígbọ̀ọ́ gbogbo ayé ni mo ti ń bá yín sọ ọ̀rọ̀ yìí. Tí mo bá pè yín lórí fóònù, ẹ ó ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, ẹ ó sì gé e mọ́ mi létí. Lẹ́tà ò níbi tí èèyàn ti ń gé e.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn yín ná. Ọmọ yín tó wà ní London ní kí ẹ yéé jẹ àmàlà láfún, ó ní kò bá ọjọ́ orí yín mu mọ́. Ó fi ọ́ọ̀tì ránṣẹ́, ẹ sì dà á sílẹ̀ fún adìyẹ. Adìyẹ tó ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ òyìnbó ní Owódé! N ò dá yín lẹ́bi. Ẹni tó bá gba láfún lọ́wọ́ àgbà Ẹ̀gbá, kí ló fẹ́ kó wá máa jẹ? Bí òkèlè bá mọ níwọ̀n, tí ẹ̀fọ́ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹja sì wà níbẹ̀, oúnjẹ gidi ni. Ìrẹsì Ọ̀fàdà tí wọ́n ń gbìn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín níbẹ̀, tí wọn kì í bó eèpo pupa ara rẹ̀ tán, sàn fún ìfun àgbà ju ìrẹsì funfun tí ẹ̀rọ ti bó kanlẹ̀ lọ. Kí ẹ ṣáà ṣa òkúta inú ẹ̀ dáadáa, eyín tó kù ò pọ̀ mọ́.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀wà, ẹ tiẹ̀ gbọ́n ju àwa lọ. Ẹ̀wà tí kòkòrò ti dá lu díẹ̀ ni ẹ máa ń rà, ẹ ní ohun tí kòkòrò ò bá lè jẹ, ẹnu tiyín náà ò ní í kàn án. Nígbà tí NAFDAC fòfin de ìgò Sniper kékeré ní 2019, tí wọ́n ń pariwo pé kí àwọn ọlọ́jà yéé fi oògùn apakòkòrò náà sí oúnjẹ, ẹ kàn rẹ́rìn-ín ni, ẹ ní ṣé ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni.

Ibi tí ìjà wa wà ni ìkòkò ńlá tí ẹ fi ń se ọbẹ̀. Nígbà tí ilé kún, tí àwa ọmọ ń jà nítorí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ọbẹ̀ tí ẹ bá sè láàárọ̀ kì í fojú ba alẹ́. Báyìí, ẹ̀yin àti ológìnní yín nìkan ló kù nílé, síbẹ̀ iye ata tí ẹ ń lọ̀ ò yí padà. Ẹ̀gúsí tí ẹ sè lọ́jọ́ Àìkú, Ọjọ́bọ̀ lẹ ṣì ń bù ú. Mo fojú ara mi rí i tó ń hó, bẹ́ẹ̀ kò sí lórí iná! Ẹ ní epo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ṣíbí ha òkè rẹ̀ dànù, ẹ bu èyí tó kù síwájú, ẹ tún ní kí n wá bá yín jẹ ẹ́.

“Ìyá wa jẹ irú ẹ̀, kò pa wọ́n.” Ohùn yín rèé nígbà gbogbo. Lóòótọ́, Ìyá Àgbà ò ní firíìjì. Àmọ́ àárọ̀ àti alẹ́ ni wọ́n ń gbé ọbẹ̀ kaná, wọ́n á jẹ́ kó hó gidi, wọ́n á dé e, ẹnì kankan ò sì gbọdọ̀ ti ṣíbí tó kan ẹnu bọ̀ ọ́. Igi ni iná tiwọn, ẹnì kan ò lè mú un lọ. Ẹ̀yin wá gbẹ́kẹ̀ lé firíìjì tí kì í rí iná ju wákàtí díẹ̀ lọ lóòjọ́. Bí iná bá ti lọ, kọ́bọ́ọ̀dù onílẹ̀kùn funfun lásán ni firíìjì.

Kúlà yín tún wá burú jù ú lọ. Ẹ ó di ìrẹsì sínú rẹ̀ lọ́sàn-án, tó bá di alẹ́, ó ti ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, ẹ ó ní ó ṣì gbóná. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ọ́ yẹn gan-an ni kòkòrò àrùn ń wá. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus, ó fẹ́ràn ìrẹsì púpọ̀. Sísè kì í pa èso rẹ̀ tán. Bí ìrẹsì bá wá jókòó pẹ́ láìgbóná láìtutù, á jí, á sì tu oró síbẹ̀. Oró yẹn, ẹ gbé e kaná títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní kúrò. Ìdí nìyí tí “mo ti gbé e gbóná” ò fi lè gbà yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní oúnjẹ sísè ò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí 2 lọ: kó gbóná ju 60 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, tàbí kó tutù débi 5.

Bí èmi bá jẹ ẹ̀gúsí yín, inú á run mí, n ó sáré lọ sí ṣáláńgá, ó parí. Tiyín ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ sókè, omi kíkan inú ikùn tó ń pa kòkòrò lè dín kù, agbára tí ara fi ń bá àrùn jà á máa fẹsẹ̀ falẹ̀, òùngbẹ gan-an kì í tètè gbẹ èèyàn mọ́. Ìgbẹ́ gbuuru ọjọ́ kan ti lè fa omi ara yín gbẹ kí ẹ tó mọ̀, pàápàá bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú èèyàn tọ̀ bá wà lára. Òòyì á kọ́ yín, ẹ ó ṣubú ní balùwẹ̀. Ọbẹ̀ ẹgbẹ̀rún náírà tí ẹ ò fẹ́ dà nù, owó bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni a ó fi san án.

Àti pé, ọbẹ̀ mi tí ẹ máa ń ní kò níyọ̀, ẹ̀bi ọbẹ̀ kọ́, ahọ́n yín ni. Ahọ́n àgbà kì í tètè gbọ́ adùn mọ́. Iyọ̀ òòjọ́ ò gbọdọ̀ tó ṣíbí tíì kan, gíráàmù 5, Mágì wà nínú ìṣirò náà. Ẹ fi irú àti ẹfinrin tan ahọ́n jẹ. Ẹran tí ẹ sì ń yọ fún àwọn ọmọ àdúgbò, ẹ rọra máa jẹ ẹ́ fúnra yín. Iṣan àgbà ló ń yọ́. Eyín àwọn ọmọ yẹn ṣì ń hù.

Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, ẹ máa retí mi. Ìkòkò kékeré méjì ni mo ń gbé bọ̀, ọ̀kan fún ọbẹ̀, ọ̀kan fún omi òkèlè. Ní ti ńlá yẹn, ẹ má wulẹ̀ gbé e pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá alásè kan ní Síun ti ní òun fẹ́ rà á. Ó ti san àsansílẹ̀, mo sì ti ná an.

Èmi ni, ọmọ àbúrò yín,
Òkè-Ìléwó, Abẹ́òkúta.